Ẹ̀yin Onílé Gíláàsì, Ẹ Kú Ooru O

Kí n tó la ẹnu, ìbà. Mo júbà lánlọ́ọ̀dù, ẹni tó ń fi owó kún owó ilé lọ́dọọdún láì fi ìṣó kan kún ilé. Mo júbà éjẹ́ǹtì, ẹni tí kò ní ilé, tí kò kọ́ ilé, tó sì ń gbowó lọ́wọ́ onílé àti lọ́wọ́ ẹni tó ń wá ilé. Mo júbà kiatékà ẹnu géètì, ọba tí kò jẹ oyè ní ààfin kankan. Mo júbà ẹ̀yin akítẹ́ẹ̀tì tí ẹ ń yàwòrán ilé Èkó bí ẹni pé yìnyín ló fẹ́ já lé e lórí. Alẹ́ ẹ̀fẹ̀ la wà yìí o. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá bà, kó rẹ́rìn-ín. Ẹni tí kò bá lè rẹ́rìn-ín, kó tan fáànù, bí iná bá wà.

Àwọn ilé gàgàrà tuntun ni mo wá bá wí. Ẹ mọ̀ wọ́n: àwọn tó ń hù ní Ìkòyí, ní Victoria Island, ní Lẹ́kí, tí wọ́n ti ń yọ́ wọ Yábàá àti Ìkẹjà. Ṣọ́ọ̀bù àti báǹkì nísàlẹ̀, ọ́fíìsì láàárín, ẹbí lókè, odò ìwẹ̀ lórí òrùlé. Dẹ́fẹ́lọ́pà ní míksìdì-yúùsì ni wọ́n ń pè é. Ó tún ní gíríìnì ni, pé ilé tí kò ní ba ayé jẹ́ ni, pé nítorí ọmọ ọmọ wa la ṣe kọ́ ọ. Òótọ́ ló sọ. Bí ẹ bá gbọ́ iye tí wọ́n ń ta yàrá mẹ́ta níbẹ̀, ẹ ó mọ̀ pé ọmọ ọmọ wa ni yóò san án tán.

Ẹ gba ìwé ìpolówó wọn wò. Igi tí kò sí nínú igbó Yorùbá kankan wà níbẹ̀, òyìnbó kan ń gun kẹ̀kẹ́ lọ, ajá rẹ̀ ń sá tẹ̀lé e. Ojú ọ̀run mọ́ kedere, wáyà Nẹ́pà kankan kò là á kọjá. Kò sí gọ́tà. Kò sí ọ̀kadà. Ìyá Alágbo kò sí níbẹ̀ rárá. Nísàlẹ̀ ilé, níbi tí ó yẹ kí ṣọ́ọ̀bù wà, ọmọge kan jókòó, ó ń mu kọfí. Mo wá oní-POS nínú àwòrán yẹn títí ojú fi ń ro mí. Ẹ gbọ́, bí ẹ bá rí ilé kan lẹ́bàá títì l'Ékòó tí kò ní oní-POS lẹ́nu ọ̀nà, ẹ yáa padà sẹ́yìn, iwin ló ń gbé ibẹ̀.

Ohun kan tí wọn kì í yà sínú àwòrán ni ẹ̀yìn ilé. Ẹ bá mi kálọ. Ibẹ̀ ni jẹnẹrétọ̀ wà, méjì, ọ̀kan ń ṣiṣẹ́, ọ̀kan ń sinmi, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó dáńfó. Wọ́n kun wọ́n ní àwọ̀ ewé. Àwọ̀ ewé! Ohun tó gíríìnì jù lọ nínú gbogbo ilé gíríìnì náà nìyẹn, ọ̀dà ara jẹnẹrétọ̀.

Ẹ sì jẹ́ ká gbé dísẹ́ẹ̀lì lé òṣùwọ̀n. Lítà kan rẹ̀ kò wúwo tó kílò kan. Ṣùgbọ́n bó bá jó tán, kábọ́nù dàí-ọ́ksáìdì tó ń bá èéfín rẹ̀ jáde ju kílò 2.5 lọ. Ẹ má bi mí pé báwo lọmọ ṣe wúwo ju ìyá lọ. Bí kábọ́nù ṣe ń ti inú epo jáde ló ń fa ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Ẹnì kan la fìwé pè sí òde, ó kó mọ̀lẹ́bí bọ̀. Ilé kan tó ń jó ọgọ́rọ̀ọ̀rún lítà lóòjọ́ wá gbé òdòdó mẹ́rin sí ẹnu géètì, ó ní òun ń tọ́jú ayé. Òdòdó yẹn gan-an ń wúkọ́.

Wọ́n ní kì í ṣe ẹjọ́ àwọn, Nẹ́pà ló fà á. Nẹ́pà kò mọ́ lọ́rùn, mi ò jà fún un. Ṣùgbọ́n nígbà tí iná wá dé ńkọ́? Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, àwọn tó ń ṣe àkóso iná sọ yúnìtì kan di náírà 225 fún àwọn oníbàárà tí wọ́n pè ní Band A, láti náírà 68. Àdéhùn ibẹ̀ ni pé iná yóò wà fún wákàtí 20 lóòjọ́. (Wọ́n dín owó náà kù lẹ́yìn náà. Díẹ̀ ni mo wí.) Mínísítà iná mànàmáná sì dìde, ó ní àwa ọmọ Nàìjíríà la máa ń fi fíríísà sílẹ̀ ní títàn bí a bá ń lọ síbi iṣẹ́. Fíríísà kẹ̀? Ilé gíláàsì yẹn fúnra rẹ̀ ni ààrò, fíríísà nìkan ni orí rẹ̀ pé níbẹ̀. Láti oṣù yẹn ni àwọn bọ̀ọ̀dá tó máa ń fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bora nínú éè-sí ti ń sọ pé, "Afẹ́fẹ́ òjò yìí mà dára o," tí wọ́n ń wá fèrèsé tí wọn yóò ṣí. Wọ́n wá a. Wọn kò rí i. Gíláàsì náà kì í ṣí.

Ẹ jẹ́ ká pe oòrùn wá jẹ́rìí.

Èkó kò jìnnà sí ìlà tó pín ayé sí méjì; nǹkan bíi digrí 6 àtààbọ̀ péré ni. Orí wa gan-an ni oòrùn ń gbà kọjá. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin àti ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, ó máa ń dúró gangan sí àtàrí lọ́sàn-án, tí òjìji ẹni yóò sá sábẹ́ ẹsẹ̀. Bó bá wà lókè bẹ́ẹ̀, òrùlé ló ń bá jà. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni wàhálà. Ó ti sọ̀ kalẹ̀ nígbà náà, ìbùú ló ń gbà wọlé, etí òrùlé kankan kò lè dí i lọ́nà. Ẹni tó bá mọ èyí yóò na ilé rẹ̀ láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn, kí àwọn ògiri tó gùn lè kọjú sí àríwá àti gúúsù. Ibẹ̀ ni fèrèsé yóò pọ̀ sí, etí òrùlé yóò sì ṣíji bò wọ́n. Ògiri kúkúrú méjèèjì ni yóò kọ sí oòrùn àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́, fèrèsé ibẹ̀ kò ní pọ̀. Atẹ́gùn Èkó, láti ojú òkun ló ti ń bọ̀, láti igun gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn. Onílé yóò ṣí ọ̀nà fún un láti wọlé, yóò sì ṣí òmíràn ní òdìkejì kí ó ríbi jáde. Ó tán. Kì í ṣe awo.

Akítẹ́ẹ̀tì wa mọ gbogbo èyí. Wọ́n kọ́ ọ, ó ṣe ìdánwò rẹ̀, ó yege. Ẹnikẹ́ni tó bá ti wọ Yunifásítì Ìbàdàn ti rí i pẹ̀lú ojú ara rẹ̀. Maxwell Fry àti Jane Drew, tọkọtaya òyìnbó, ló yàwòrán àwọn ilé àkọ́kọ́ ibẹ̀: yàrá tẹ́ẹ́rẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń gba ìhà kan wọlé tó ń gba ìhà kejì jáde, ògiri oníhò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà yọjú tí oòrùn kò lè gbà jókòó. Ní 1956 wọ́n tẹ ìwé jáde lórí bí a ṣe ń kọ́lé níbi tí ooru àti òjò ti pọ̀. Ẹ wò ó, àwọn tí wọ́n bí sínú òtútù ló jókòó kọ̀wé lórí ooru wa. Àwa tí wọ́n bí sínú ooru la wá ń kọ́ ilé òtútù.

Nítorí kí ni akítẹ́ẹ̀tì ṣe lẹ́yìn tó yege tán? Dẹ́fẹ́lọ́pà sọ fún un pé ọ̀sà wà níhà ìwọ̀-oòrùn, ọ̀sà sì lowó. Ó yí gbogbo ojú ilé kọ ìwọ̀-oòrùn, ó fi gíláàsì bò ó láti òkè délẹ̀. Bàbá ra ilé nítorí kó lè máa wo ọ̀sà. Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ lù, oòrùn wọlé wá bá a lórí àga. Gíláàsì jẹ́ kí ìtànṣán wọlé, ìtànṣán mú ilẹ̀ àti àga gbóná, ooru tí ilẹ̀ àti àga wá ń tú sílẹ̀ kò rí ojú gíláàsì gbà jáde mọ́. Bàbá ra kọ́tínì tó nípọn kí oòrùn má baà wọlé. Kọ́tínì dí oòrùn, ó dí ọ̀sà. Ilé ṣókùnkùn, bàbá tan iná lọ́sàn-án gangan. Kọ́tínì pàápàá gbóná, bàbá tan éè-sí. Éè-sí fẹ́ iná, Nẹ́pà mú iná lọ, jẹnẹrétọ̀ bú sẹ́kún. Bàbá jókòó sínú òkùnkùn tó fi mílíọ̀nù lọ́nà ọ̀pọ̀ rà, ó tan tẹlifíṣọ̀n, ó ń wo àwòrán odò kan ní ìlú òyìnbó.

Ẹ má sì rò pé éè-sí ń pa ooru. Éè-sí kò pa ohunkóhun rí. Ó ń kó ooru inú yàrá yín jáde, ó fi tirẹ̀ kún un, ó sì ń dà á sí fèrèsé aládùúgbò. Aládùúgbò náà tan tirẹ̀, ó dá a padà fún yín. Níbi tí ilé méjì bá ti fún mọ́ra ní Sùúrùlérè, àwọn onílé lè máa ta ooru síra wọn lọ́rùn bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́, wọn yóò sì tún kí ara wọn pé, "Ooru ọdún yìí mà yàtọ̀ o."

Etí òrùlé tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ńkọ́? A ti gé e. Páràpẹ́ẹ̀tì ló wà lóde báyìí. Ẹ̀yin ará Èkó kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé ilé yín ní òrùlé; ẹ mọ ògiri yí i ká, ẹ fi í pamọ́ bí ẹni tó jí i. Ìgbà tí òrùlé ní etí, ó ń ṣíji bo fèrèsé, omi òjò sì ń já bọ́ sílẹ̀ jìnnà sí ògiri. Ní báyìí, òjò ń ṣàn gba ara ògiri, ẹ̀gbin dúdú ń fa ìlà láti òkè délẹ̀, ilé ọlọ́dún méjì ń sunkún tìróò. Ibi tí páràpẹ́ẹ̀tì bá sì ti dí, òrùlé di odò ìwẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò polówó rẹ̀, síílìnì POP yàrá yín yóò wá máa wú. Ẹ̀yin yóò pe onípílọ́ḿbà. Onípílọ́ḿbà yóò wò ó, yóò sì bi yín pé, "Ta ló ṣiṣẹ́ yìí fún yín?" Òun ni.

Ó yẹ kí n ṣòótọ́ díẹ̀ kí ẹ̀fẹ̀ má baà gbé mi lọ. Kíkó ṣọ́ọ̀bù, ọ́fíìsì àti ilé gbígbé pọ̀ sójú kan kì í ṣe ìwà òmùgọ̀. Lọ́sàn-án, ọ́fíìsì àti ṣọ́ọ̀bù ló ń lo iná. Bí wọ́n bá tilẹ̀kùn lálẹ́, àwọn ará òkè wọlé, wọ́n gba iná lọ́wọ́ wọn. Ibi tí òṣìṣẹ́ ń gbé mọ́tò sí lọ́sàn-án ni ayálégbé ń gbé tirẹ̀ sí lóru. Lífítì kan, ẹ̀rọ omi kan, ọlọ́dẹ kan. Ẹni tó bá fẹ́ ra ata yóò sọ̀ kalẹ̀, yóò rà á, yóò gòkè. Kò jo epo tó kún ìdérí ìgò. Mọ́tò tí kò jáde kò lè há sí gósíló. Ìdí pàtàkì tí irú ilé bẹ́ẹ̀ fi lè ṣe ayé lóore nìyẹn, ó ju òdòdó ẹnu géètì lọ.

Ata dà? Ẹ sọ̀ kalẹ̀ lọ wá a nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù wọn. Lọ́fínńdà wà níbẹ̀. Wàràkàṣì òyìnbó wà, irú èyí tó ń rùn, tí wọ́n ní òórùn rẹ̀ ló jẹ́ kó wọ́n. Wọ́n ń ṣe èékánná, wọ́n ń lẹ ìpéǹpéjú. Ata rodo kò sí. Èlùbọ́ kò sí. Ẹni tí yóò fi ẹ̀rọ lọ tòmátì kò sí lágbègbè yẹn. Màdáámù àjà kejìlá wá wọ jíìpù, ó tan éè-sí, ó doríkọ ọjà Mile 12. Ó lo ààbọ̀ ọjọ́ lójú títì nítorí ata. Ìyá Aláta tó sì gbé igbá rẹ̀ wá sí iwájú ilé náà fúnra rẹ̀, sẹkiọ́rítì lé e, ó ní ó ń ba ojú ilé jẹ́. Ẹnì kan ṣoṣo tó lè sọ ilé yẹn di míksìdì-yúùsì, òun ni wọ́n fi kóńdó lé.

Míksìdì-yúùsì kì í sì í ṣe ohun tuntun, ẹ dákẹ́ ariwo. Ẹ rìn gba Pópó Àgùdà lọ ní Erékùṣù Èkó. Àwọn Àgùdà tó ti oko ẹrú Brazil padà wálé ní nǹkan bí ọdún 150 sẹ́yìn àti ṣáájú rẹ̀, bíríkìlà àti káfíńtà ló pọ̀ nínú wọn. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni Mọ́sáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894. Àwọn ọmọ ìjọ Kátólíìkì ń kọ́ mọ́sáláṣí, kò sẹ́ni tó jà. Ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì wọn, ìsàlẹ̀ ni ọjà, òkè ni ẹbí. Síílìnì ga débi pé ooru máa ń gòkè lọ jókòó níbẹ̀, kì í sọ̀ kalẹ̀ wá yọ àgbà lẹ́nu. Fèrèsé wọn jẹ́ pákó pẹlẹbẹ tí wọ́n tò léra wọn láàlà: afẹ́fẹ́ ń gbà á kọjá, òjò kò lè gbà á, ojú aládùúgbò kò sì ríran gbà á. (Ojú ẹni tó wà nínú ilé ń rí ìta dáadáa. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ìròyìn kì í fi í pẹ́ ní Pópó Àgùdà.) Ògiri nípọn. Àgbàlá wà láàárín. Ẹnikẹ́ni kò fún wọn ní sáfíkétì gíríìnì.

N kò ní kí ẹ padà síbẹ̀ pátápátá o. Ilé àtijọ́ yẹn náà, ẹ bi í léèrè ṣálángá rẹ̀. Agbépòó ló máa ń wá lóru nígbà náà, ẹni tó bá sì bú u lójú ọ̀nà, kí onítọ̀hún yáa gbàgbé aṣọ tó wọ̀. Bó bá sì jẹ́ ilé yàrá-kọjú-síyàrá ni, ilé ìdáná kan, ìyàwó ilé mẹ́jọ, ìkòkò ọbẹ̀ tó ń fi ẹran ṣòfò láìsí ẹni tó ṣí i. Àjọlò dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti ẹran.

Ẹ gbọ́ èyí tó dùn mí. Ilé kan wà ní Tinúubú Square, Ìlọ́jọ̀ Bar. Ìdílé Fernandez ló kọ́ ọ ní 1855. Ọtí àti oúnjẹ nísàlẹ̀, ibùgbé lókè. Ní 1956, ìjọba kéde pé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè ni. Oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n fi katapílà wó o. Ó wó lójú ọjọ́ kan lẹ́yìn tó ti dúró fún ọdún 161, tó ti san gbogbo gbèsè kábọ́nù tí wọ́n fi kọ́ ọ tán tipẹ́. Sìmẹ́ǹtì ilé tuntun kò rí bẹ́ẹ̀. Nǹkan bíi digrí 1,450 ni wọ́n ń se òkúta dé kó tó di sìmẹ́ǹtì, iná tó ń sè é ń tú kábọ́nù, òkúta náà fúnra rẹ̀ tún ń tú tirẹ̀. Ìdá 7 tàbí 8 nínú 100 gbogbo kábọ́nù tí ayé ń tú jáde, nídìí sìmẹ́ǹtì ló ti ń wá. A wó èyí tí kò jẹ gbèsè, a lọ yá gbèsè tuntun kọ́ òmíràn, a sì fi àwọ̀ ewé kọ orúkọ sí i lára. Akítẹ́ẹ̀tì Demas Nwoko ti ń po ilẹ̀ pupa wa mọ́ sìmẹ́ǹtì díẹ̀ láti fi ṣe búlọ́ọ̀kù ní Ìbàdàn láti nǹkan bí ọdún 1970. Venice ní Ítálì ni wọ́n ti fún un ní àmì-ẹ̀yẹ Kìnnìún Wúrà ní 2023. Ìròyìn kàn wá, a tan éè-sí kà á.

Ẹ yà sí Òpópónà Kakawa pẹ̀lú, ẹ wo Ilé Omi. João Esan da Rocha ló ni ín, ọmọ Iléṣà tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil tó sì padà wá. Ó gbẹ́ kànga sílé, ó sì ń ta omi fún ará Èkó. Ìjẹ̀ṣà ni, ẹ má bínú. Ẹ ò ní retí kó máa bù ú fún yín lọ́fẹ̀ẹ́. Ilé ẹbí lókè, òwò omi nísàlẹ̀. Àwọn tó ń kọ́lé báyìí kò tó o.

Nítorí ọ̀rọ̀ omi ni n ó ṣe fi ìdí ẹ̀fẹ̀ yìí balẹ̀ díẹ̀. Òjò tó ń rọ̀ sí Èkó lọ́dún kan kì í dín ní mílímítà 1,500 bí ọdún bá dára. Ẹ mú òrùlé kan tó fẹ̀ tó 500 mítà níbùú-lóòró. Ẹ ṣírò rẹ̀: lítà 750,000. Táńkà tó ń gbé lítà 10,000 yóò rìn lẹ́ẹ̀márùndínlọ́gọ́rin kó tó gbé e tán. Kí ni ilé gíríìnì wa ń ṣe sí omi yìí? Ó ń fi páìpù darí rẹ̀ sí gọ́tà, kíá, bí ẹni tó ń lé olè. Gọ́tà kún, títì kún, ọ̀kadà ń wẹ̀. Àárín àkúnya omi yẹn ni táńkà yóò ti là kọjá, táyà rẹ̀ rì dé ìdajì, ó ń gbé omi bọ̀ wá tà fún ilé náà. Mẹ́rúwà dúró lẹ́bàá ọ̀nà, ó wo táńkà, ó wo omi ilẹ̀, ó wo omi ojú ọ̀run, ó mi orí ní èdè Haúsá.

Igi ńkọ́? Ó di dandan kí igi wà. Ní Mílàánù ní Ítálì, wọ́n parí ilé gogoro méjì ní 2014 tí wọ́n ń pè ní Bosco Verticale, nǹkan bí igi 800 ló hù sí ojú bákónì wọn. Igi gidi. Àwọn tó ń gé ẹ̀ka rẹ̀ máa ń fi okùn so ara wọn mọ́ orí ilé, wọ́n á máa rọ̀ wálẹ̀ láti àjà dé àjà. Bí mo ṣe gbọ́ ọ, mo ní adẹ́mu wa tó ń fi igbà gun ọ̀pẹ láti ìgbà ìwáṣẹ̀ kò mọ̀ pé iṣẹ́ dọ́là ni òun ń ṣe. Tiwa ńkọ́? Dẹ́fẹ́lọ́pà fẹ́ igi, kò fẹ́ ìdí rẹ̀, kò fẹ́ ewé tó ń já, kò fẹ́ ẹni tí yóò bomi rin ín. Ó wá ra koríko oníke, ó tẹ́ ẹ bíi kápẹ́ẹ̀tì. Bí oòrùn bá pa koríko oníke náà fún wákàtí méjì, ẹ fẹsẹ̀ lásán tẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ ó jó ijó tí ẹ kò kọ́ rí.

Ẹ̀yin ayálégbé tí ẹ ti ń rẹ́rìn-ín láti ìbẹ̀rẹ̀, ó kàn yín. Akítẹ́ẹ̀tì kan tó bẹ̀rù Ọlọ́run fún yín ní bákónì kí afẹ́fẹ́ lè fẹ́ sí yín. Oṣù kejì tí ẹ kó wọlé, ẹ ti fi irin dí i, ẹ kó àpò ìrẹsì, bàtà ọdún 2009 àti kéèsì tí ẹ gbé dé láti Mẹ́kà sí i. Afẹ́fẹ́ dé, kò rí ẹsẹ̀ gbé. Ẹ wá jókòó sínú ilé, ẹ ní ilé yìí mú ooru. Àwọn ẹ̀gbẹ́ onílé ẹ̀sítéètì sì tún ṣòfin pé aṣọ kò gbọdọ̀ hàn ní bákónì nítorí pé ó ń bu ẹwà ilé kù. Oòrùn ọ̀fẹ́ tó lè gbẹ ṣòkòtò jíǹsì ní wákàtí kan wà níta, ẹ wá gbé ẹ̀rọ ìgbẹṣọ oníná sí yàrá. Ẹ ń fi dísẹ́ẹ̀lì gbẹ síngílẹ́ẹ̀tì. Oòrùn dúró síta, ó ń wò yín láti ojú gíláàsì.

Ìjọba náà kò sùn o. Ní 2017 ni wọ́n gbé òfin ìkọ́lé jáde lórí bí ilé tuntun yóò ṣe máa lo iná níwọ̀n. Ìwé náà dára, mo bọ̀wọ̀ fún un. Ó wà nínú dúrọ́ọ̀. Sáfíkétì EDGE tún wà, tó ń béèrè pé kí ilé fi ó kéré tán ìdá 20 nínú 100 dín iná, omi àti kábọ́nù tó wà nínú ohun ìkọ́lé rẹ̀ kù sí ti ilé irú rẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àwọn kan sì ń sapá láti gbà á ní òtítọ́, ẹ̀yin yẹn, ẹ má fi ara yín kún àwọn tí mò ń bú, ẹ bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ẹ̀fẹ̀ má baà ta bà yín. Àwọn tó ra gíláàsì aláwọ̀ ewé nítorí kí àlejò lè rò pé àwọn ní sáfíkétì ni mò ń wò.

Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ṣì fẹ́ gbé inú wọn, mi ò dí yín lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má lọ wo ilé láàárọ̀. Àárọ̀ ni éjẹ́ǹtì máa ń fẹ́, nígbà tí atẹ́gùn ṣì ń bá òkun ṣeré. Ẹ lọ ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ nínú oṣù kẹta. Ẹ ní kí wọ́n pa jẹnẹrétọ̀. Ẹ wọ yàrá ìhà ìwọ̀-oòrùn, ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ dúró níbẹ̀ títí ẹ ó fi ka orúkọ àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò yín tán. Ẹ béèrè ibi tí omi òrùlé ń gbà, ẹ béèrè iye dísẹ́ẹ̀lì tó wọ owó ìtọ́jú ilé lóṣù tó kọjá, ẹ béèrè bóyá ẹ lè rí ata rà kí ẹ tó rí mọ́tò wọ̀.

Mo bi éjẹ́ǹtì kan ní gbogbo rẹ̀. Òógùn ti rin kọ́là ẹ̀wù rẹ̀, ó ń fi ìwé ìpolówó fẹ́ ara rẹ̀. Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Dádì," ó ní, "ṣé ẹ fẹ́ gbé ilé yìí ni, àbí ẹ fẹ́ fẹ́ ẹ níyàwó? Ẹ kọ́kọ́ san owó fọ́ọ̀mù ná."